Ìjàpá Ṣì Ń Rìn ní Ṣómólú àti Bárígà: Ìmọ̀ràn fún Ìdílé tí ó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Àtijọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní àkókò yìí tí ọkọ̀ Tòkunbọ̀ kún títì Èkó bí eṣú, àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò sí lára ọkọ̀ tuntun rárá. Àkísà àgbà ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wá Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Wọ́n ń wá Peugeot 504 tí ó gbé àwọn òbí wọn lọ sí ilé ìgbéyàwó. Àwọn mìíràn sì ń wá ọkọ̀ asáré pẹlẹbẹ, oníjókòó méjì, tí wọ́n rí nínú àwòrán nígbà tí wọ́n wà ní ilé ìwé. Bí baálé yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tàbí bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ìfẹ́ náà mú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí owó tó jáde nínú àpò.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyàwó ilé ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò kan àwọn, pé eré àwọn ọkùnrin ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Owó tí a fi ń ra ọkọ̀ náà, inú àpò kan náà tí owó ilé ìwé ọmọ ti ń jáde ni yóò ti jáde. Àgbàlá tí a óò gbé e sí, àgbàlá tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré ni. Ìjókòó rẹ̀, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni yóò jókòó sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé Ṣómólú àti Bárígà, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ̀kọ́ náà ni pé ọwọ́ tí yóò tọ́jú ọkọ̀ ni a ń kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni a tó ń wá ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

IBI TÍ A Ń LỌ

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Palmgrove tàbí ní Onípáànù lórí títì Ìkòròdú, tí ó sì yà sí ìhà ìlà oòrùn, ti wọ Ṣómólú nìyẹn. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ní Ṣípẹ̀olú àti àwọn òpópónà tí ó yí i ká, ọ̀sán àti òru ni wọ́n ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé àkọsílẹ̀ tí a ń pín níbi ayẹyẹ. Ó ṣeé ṣe kí káàdì tí ẹ fi pe àwọn ènìyàn sí ìgbéyàwó yín ti ibẹ̀ wá. Bí a bá ti ń gba ọ̀nà Bajúláyé lọ, tí a sì dorí kọ Bárígà, ìró mìíràn á máa dún mọ́ ti ìtẹ̀wé: òòlù lórí irin, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, àti ariwo àwọn agbèrò tí ń pe èrò sínú danfo. Abẹ́ Ṣómólú ni Bárígà wà títí di ọdún 2003, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di agbègbè ìdàgbàsókè tí ó dá dúró.

Ní apá kan ni Akọkà wà, níbi tí Yunifásítì Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 fìdí kalẹ̀ sí. Bí a bá sì sọ̀ kalẹ̀ dé ìhà Ìlàjẹ, ọ̀sà ni a óò bá. Láti etí omi yìí ni a ti lè máa wo Third Mainland Bridge tí a ṣí ní ọdún 1990, tí ọkọ̀ ń wọ́ lórí rẹ̀ bí èèrà. Láàárín títì Ìkòròdú àti ọ̀sà yìí, ilé fún mọ́ra, gọ́tà wà lójúde, ìyá olóúnjẹ kò jìnnà sí ọ̀gá wẹ́dà, bọ́kànáísà sì ń fẹ́ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Kì í ṣe ibi tí a ti ń rí ọkọ̀ olówó iyebíye tí a fi aṣọ bò sínú gáréèjì. Ibi iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni ọkọ̀ àtijọ́ fi ń mí.

BÍ ÌJÀPÁ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo? Nígbà tí àwọn ènìyàn wa rí ọkọ̀ kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo, tí kò kánjú, ṣùgbọ́n tí ń dé ibi tí ó ń lọ, wọn kò wá orúkọ jìnnà. Ferdinand Porsche ni ó ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ náà ní ilẹ̀ Jámánì láàárín àwọn ọdún 1930. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ni búùtù wà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú ẹ́ńjìnnì náà tutù, nítorí náà kò ní rédíétọ̀, kò sì ní omi tí yóò hó sí ẹni lójú ní àárín sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1972, iye tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ju iye Model T ti Ford lọ, èyí tí ó ti ń gba ipò kìíní tẹ́lẹ̀.

Ọdún 1972 yìí kan náà ṣe pàtàkì fún wa nílé. Ní ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin ọdún náà, Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wo ọjà. Ọkọ̀ tí ó dé kí ó tó di ọdún 1972 sábà máa ń ní kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ ní apá ọ̀tún. Èyí tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, apá òsì ni. Lọ́dún 1975, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní títì tí ó lọ sí Badagry. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba owó Údọ́jì, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé sì wọ ọkọ̀ tiwọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìjàpá ni ó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn.

Àwọn ará Jámánì dáwọ́ Ìjàpá dúró nílé wọn ní ọdún 1978, àyàfi èyí tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká, tí wọ́n ṣe títí di ọdún 1980. Mẹ́síkò ni ó tẹ̀ síwájú títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Keje, ọdún 2003, nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí Ìjàpá kan Bárígà gbọ̀ngbọ̀n ni àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní danfo. Bọ́ọ̀sì Volkswagen ni danfo àkọ́kọ́, irú ẹ́ńjìnnì kan náà tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù ni ó sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá lo ọ̀dọ́ rẹ̀ lábẹ́ danfo Volkswagen, kò sí ohun tí Ìjàpá lè fi pamọ́ fún un.

ỌKỌ̀ ASÁRÉ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Ìjàpá kọ́ ni ọkàn àwọn fẹ́, bí kò ṣe ọkọ̀ asáré. A kò lè bá wọn jà. MGB àti Triumph Spitfire, tí àwọn ará Britain ṣe láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, dára ní wíwò. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó bí ìyá ọlọ́mọ. Ìjókòó méjì ni Spitfire ní. Èyí tí ó wà lẹ́yìn MGB kò sì tó ọmọ jókòó sí dáadáa. Ìdí wọn súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò kan ṣoṣo ní àdúgbò wa lè fa abẹ́ wọn ya. Bí páìpù kan bá sì bàjẹ́, òkè òkun ni a óò kọ̀wé sí.

Bí ọkọ̀ asáré bá di dandan, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀: ẹ wá èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ìbátan ẹ́ńjìnnì tí àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ̀. Karmann Ghia, tí Volkswagen tà láti ọdún 1955 títí di ọdún 1974, jẹ́ Ìjàpá tí ó wọ aṣọ òde: ara rẹ̀ ni ó yàtọ̀, inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Peugeot 504 Coupé, tí Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ya ara rẹ̀ láàárín ọdún 1969 sí 1983, jẹ́ ọmọ ìyá 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975. Síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ara Karmann Ghia ṣòro láti tún ṣe, nítorí pé wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn ni. Kò rí bíi ti Ìjàpá tí a lè tú mọ́dígáàdì rẹ̀ pẹ̀lú sípánà. Nítorí náà, Ìjàpá ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yege níbẹ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun yóò bá yín kó ọkọ̀ àtijọ́ wọlé láti òkè òkun. Òfin kò gbà kí a kó ògbólógbòó ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá iye ọdún tí ìjọba fi lélẹ̀ wọ Nàìjíríà. Èyí tí ó ti wà nílé, tí ìwé rẹ̀ sì pé, ni kí ẹ wá.

ẸNI TÍ YÓÒ TỌ́JÚ RẸ̀

Ọkọ̀ àtijọ́ kan ń béèrè ọwọ́ méje: mẹkáníìkì, ríwáyà, ẹni tí ń lu ara ọkọ̀, wẹ́dà, ẹni tí ń kun ọ̀dà, ẹni tí ń ran ìjókòó, àti bọ́kànáísà. Ní Ṣómólú àti Bárígà, ẹsẹ̀ lásán ni a lè fi rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Èyí ni ọrọ̀ tí àdúgbò náà ní.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ wá àgbà mẹkáníìkì kan tí ó ti pẹ́ nídìí Volkswagen. Ẹ má ṣe bi í léèrè bóyá ó mọ iṣẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì kí ó tó mú sípánà? Ṣé ó mọ̀ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá bá tutù pátápátá ni a ń ṣe àtúnṣe fáàfù rẹ̀? Ṣé ó lè tú kábúrétọ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà láìsí pé nǹkan kan ṣẹ́kù sílẹ̀ lórí tábìlì? Ṣé àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń dúró tì í láti wò, tàbí omi ni wọ́n ń pọn fún un láti àárọ̀ di alẹ́? Ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọṣẹ́ dáadáa kì í sábà rẹ́ oníbàárà jẹ.

Ohun tí ó ń dun ọkàn ni pé irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ń dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lónìí, Toyota àti Honda ni wọ́n ń fẹ́, ọkọ̀ tí a ń fi kọ̀ǹpútà wá àìsàn rẹ̀. A kò lè bá wọn wí, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Ṣùgbọ́n bí àgbà tí ó mọ kábúrétọ̀ bá lọ láìfi ìmọ̀ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, gbogbo Ìjàpá tí ó kù nílẹ̀ yìí yóò di irin lásán, bó ti wù kí ọ̀dà wọn dán tó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé obìnrin kò ní iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Sandra Aguebor, obìnrin àkọ́kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Nàìjíríà, dá ẹgbẹ́ Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2004, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ náà. Bí àwọn wọ̀nyí bá lè tú ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí àwa náà lè dúró tì í kí a sì béèrè ìbéèrè.

OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́ ORÍ

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ọkọ̀, ẹ lọ ní ọ̀sán gangan, kí òjò má sì ti rọ̀. Omi òjò a máa mú kí ọ̀dà tí ó ti ṣá máa dán bí tuntun. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì: bí ó bá ti gbóná, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́ tẹ iná sí i kí ẹ tó dé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tàn yín jẹ. Ìpẹtà ni ọ̀tá Ìjàpá, abẹ́ ni ó sì ti ń jẹun. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ wo ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀. Ẹ wo irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀tún àti ní òsì; bí ìyẹn bá ti jẹ, ọkọ̀ náà kò ní egungun mọ́. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, nítorí abẹ́ ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá wà, omi bátìrì a sì máa jẹ irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ títí tí yóò fi lu. Ẹ mú òòfà kékeré kan dání, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn ohun ọ̀ṣọ́ ara fìríìjì, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ sì máa fi í kan ara ọkọ̀ káàkiri. Níbi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irin ni ó wà níbẹ̀, ohun ìdíhò ni wọ́n fi pa á lójú mọ́.

Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ọkọ̀ náà ń sùn. Èyí tí ó ti sun ẹ̀bá ọ̀sà fún ọdún pípẹ́ yóò ti mu iyọ̀ inú afẹ́fẹ́. Èyí tí ó ti sun ibi tí àgbàrá ń wọ̀ yóò ní òórùn ewúrò nínú, ẹ ó sì rí ìlà ẹrẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Imú obìnrin tí ń tọ́jú ilé mọ òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ẹ lò ó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣe tirẹ̀. Kí ó di púlì tí bẹ́líìtì ń yí lórí rẹ̀ mú ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kí ó fà á síwájú sẹ́yìn. Bí ó bá ń mì wọlé mì jáde, inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ní jẹ́ owó kékeré. Kí ó tẹ iná sí i, kí ẹ̀yin sì wo èéfín: bí ó bá jáde ní àwọ̀ búlúù tí kò sì dá, ọ́ìlì ni ó ń jó. Kí ó wà á, kí ó sì tẹ bíréèkì láti mọ̀ bóyá ó ń fà sí apá kan. Bí kẹ̀kẹ́ ìtọ́kọ̀ bá wà ní apá ọ̀tún, ẹ lọ bi àwọn FRSC léèrè ohun tí òfin wí kí ẹ tó dúnàádúrà.

Ìwé ọkọ̀ ni ó kù, kò sì kéré. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ara ọkọ̀ wé èyí tí ó wà nínú ìwé, ní oókan-ò-jọ̀kan. Orúkọ ẹni tí ń tà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ ogún bàbá rẹ̀ ni, kí àwọn ọmọ yòókù mọ̀ sí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni ó jẹ́ dúkìá olóògbé, ẹjọ́ ẹbí kì í sì í tètè tán. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì yí orúkọ padà láìjáfara.

ÌKÒKÒ MẸ́TA

Àwa tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé iye tí a ra nǹkan kọ́ ni iye tí ó ń ná ni. Òtítọ́ ni èyí nípa fìríìjì, òtítọ́ ni nípa ẹ̀rọ ìránṣọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ òtítọ́ ìlọ́po méjì nípa ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ pín owó tí ẹ bá yà sọ́tọ̀ sí ìkòkò mẹ́ta. Nínú náírà 10, kí 5 jẹ́ ti rírà, kí 3 jẹ́ ti àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́, kí 2 sì wà nílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bí owó rírà bá ti gbé náírà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mì, ọkọ̀ náà ti wọ́n jù fún yín, bó ti wù kí wọ́n ní ó pọ́ọ́kú tó. Owó ilé ìwé, owó ilé gbígbé, owó oúnjẹ àti èsúsú kò sí nínú ìkòkò kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ṣe yá wọn lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ní Ṣómólú, tí ó ní ìlà fún ọjọ́, iṣẹ́, ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti iye owó. Kí ẹ̀yin tàbí baálé yín máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ná sínú rẹ̀, títí kan owó omi tí ẹ fi fọ ọkọ̀. Bí ẹ bá ń lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ bá mẹkáníìkì lọ, kí ẹ mú ògbólógbòó rẹ̀ dání láti fi wé e. Ẹ máa gba èyí tí wọ́n bá yọ kúrò padà. Ẹ san owó iṣẹ́ ní ìpele ìpele: díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ní àárín, ìyókù nígbà tí ọkọ̀ bá ti rìn. Ọkọ̀ tí a bá ti san gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú a máa pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù títí ewéko yóò fi hù lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Ìjàpá ń jẹ kò pọ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 2 àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ó kéré, ẹ gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò, ní ìwọ̀n kìlómítà 5,000 sí 5,000. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí fáánù tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù àti ẹ̀rọ tí ń pèsè iná. Bí ó bá já, tí iná pupa sì tàn lójú yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kí ẹ rọra wà á délé. Ẹ máa fi bẹ́líìtì kan pamọ́ sínú búùtù. Ní ti epo pẹtiróòlù, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀, kò sí ọkọ̀ tí a lè máa wà káàkiri láìní ìdí. Ẹ fi ọkọ̀ àtijọ́ sí ti ọjọ́ Àìkú, ti ayẹyẹ, àti ti ìrìn kúkúrú tí ń mú ẹ́ńjìnnì jí.

Kíkó ọkọ̀ jọ ńkọ́? Kí Ìjàpá kìíní kọ́kọ́ rìn fún oṣù 12 gbáko láìfa ìjà nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ èkejì. Ọkọ̀ mẹ́ta tí kò rìn kò tó ọkọ̀ kan tí ń rìn. Àgbàlá Bárígà kò sì fẹ̀.

OHUN TÍ Ó JU ỌKỌ̀ LỌ

Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sí ìkẹyìn kí ó lè dúró lọ́kàn yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kò ní bẹ́líìtì ìjókòó ní ẹ̀yìn, kò sì ní ohun ìgbórílé. Kí ọmọ kankan tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tí ó mọṣẹ́ de bẹ́líìtì mọ́ irin tí ó lágbára. Lórí títì Ìkòròdú kan náà tí a gbà wọ Ṣómólú ni Ìgbòbì wà, ilé ìwòsàn egungun tí ó bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ni a ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kọjá ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ kò ní sọ pé owó bẹ́líìtì pọ̀ jù.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, nítorí ti ògbólógbòó a máa sán, epo á sì kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ bo orí bátìrì tí ó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn dáadáa, nítorí bí ẹni tí ó wúwo bá jókòó, sípíríìnì ìjókòó lè kàn án, kí ó sì dá iná. Ẹni tí ń ran ìjókòó fún yín gbọ́dọ̀ mọ èyí. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ bá a yan aṣọ tí yóò lò, nítorí ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí tí kì í tètè ya, tí ìtọ̀ ọmọ kì í sì í wọ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ ti ọkọ̀ tí kò rìn pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àgbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ọmọ mẹ́jọ ni a bá ní òkú nínú ọkọ̀ kan tí a pa tì ní ìhà Badagry. Ọkọ̀ tí a ń tún ṣe ní àgbàlá jọ ilé ìṣeré lójú ọmọdé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹ̀ṣọ́ ilé pa ọmọ ilé.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí owó sì wà, tí ẹ̀yin àti baálé yín sì jọ fẹnu kò, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lọ ra Ìjàpá yín. Ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà ọ̀gá ní Bárígà, kí ẹ sì fi ohun kan kún àdéhùn iṣẹ́: kí ọmọṣẹ́ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kí ó sì wà lára àwọn tí yóò tú kábúrétọ̀ náà. Ẹ fi owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ náà kún owó ọ̀gá. Ohun kékeré ni lójú yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ yín bá dàgbà, tí wọ́n sì fẹ́ wa ọkọ̀ ìyá wọn, ọwọ́ ọmọṣẹ́ yẹn ni yóò bá wọn tẹ iná sí i.